Ọjọ́ Tí Mo So Rọ̀ Lára Ọkọ̀ Obì ní Agége

Ẹ bá mi sún àga yìí mọ́ ojú fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi lára. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, ẹ̀yin náà ó rí ẹni sún àga fún yín. Ẹ jókòó, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu mọ́ fún mi ná. Inú mi dùn lónìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tó fà á fún yín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín Mọ́súrù gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láàárọ̀, a gba Ọgbà kọjá. Tírélà ńlá kan dúró síwájú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ń já ẹrù inú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lókè téńté. Ó dé akoto, ó wọ bẹ́líìtì kan tó gba èjìká kọjá sí ìdí, okùn sì so bẹ́líìtì náà mọ́ irin lókè orí rẹ̀. Ẹnìkejì dúró nílẹ̀, kò gbé ẹrù kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa wo ẹni tó wà lókè. Mo ní kí Mọ́súrù dúró díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?" Mo ní n kò mọ̀ wọ́n rí. Omi bọ́ lójú mi, ó rò pé ojú ló tún ń dùn mí. Kì í ṣe ojú. Ọpẹ́ ni.

Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Alábàárù ni mí ní Agége nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa, tí n kò tíì ní ìyàwó, tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Òṣùká tí mo fi àkísà ká ni akoto mi. Bẹ́líìtì tèmi ni okùn ṣòkòtò.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sáàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ ò lè mọ bí Agége ṣe ń jí nígbà náà. Ìpè àsùbáà ni yóò kọ́kọ́ dún. Kó tó parí, agogo ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ojú irin á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sì dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ ń jí ìlú ni. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin á fọn láti ọ̀nà Ìfọ̀, àwọn obìnrin á sì máa sọ pé, "Ó ti ń bọ̀ o, ẹ sọ ẹ̀kọ kalẹ̀." Àwọn màlúù tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya á máa ké, àwọn darandaran á máa dà wọ́n gba ìhà ibi tí ẹ ń pè ní Oko Ọba. Eruku wọn á bo òòrùn. Ìkẹjà ní tirẹ̀, oko ló pọ̀ níbẹ̀. Allen tí ẹ ń wọ bàtà aláràbarà lọ yẹn, mo ti ṣẹ́ igi ìdáná níbẹ̀ rí, ejò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣán mi. Ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí olú lẹ́yìn òjò.

Obì gbànja ni iṣẹ́ tiwa. Wọ́n á kó o láti ìhà Rẹ́mọ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n á dì í sínú agbọ̀n ńláńlá, wọ́n á fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n náà kí obì má baà gbẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù onípákó ló ń gbé e wá sí Agége. Níbẹ̀ ni a ó ti já a, tí wọ́n á pààrọ̀ ewé rẹ̀, tí a ó sì kó o sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kánò. Ẹ má rò pé inú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń kó agbọ̀n sí o. Bí inú ọkọ̀ bá kún, wọ́n á tò ó lọ sókè, wọ́n á tún tò ó, títí ẹni tó wà lókè á fi máa wo òrùlé ilé láti òkè bí ẹyẹ. Wọ́n á wá fi tapólì bò ó, wọ́n á fi okùn so ó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gun òkè lọ tú okùn yẹn, kó sì máa gbé agbọ̀n sọ̀kalẹ̀ fún àwọn tó wà nílẹ̀. Èmi ni ẹni náà nínú ẹgbẹ́ wa. Ara mi fúyẹ́, ẹsẹ̀ mi yá, n kì í wá àkàbà. Táyà ni mo máa ń tẹ̀, màá di pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ẹ ó kàn rí mi lókè ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ti gorí ọkọ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣa obì á pariwo, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò!" Orí mi á sì máa wú.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń já ẹrù ní ìsọ̀ obì tí a ti ń ṣiṣẹ́. Sùbérù ni olórí tiwa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, alágbára ọkùnrin, ọ̀làwọ́, ẹni tí kì í jẹun kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa wò ó lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó ní ẹrù. Ẹgbẹ́ kejì jẹ́ ti àwọn ará Ọ̀yọ́, Bàbá Làmídì sì ni olórí wọn. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan báyìí, ohùn rẹ̀ tútù bí omi àmù, kì í yára ṣe ohunkóhun.

Kí ọkọ̀ tó dúró tán ni Bàbá Làmídì á ti máa tẹ ilẹ̀ wò pẹ̀lú gìgísẹ̀. Á fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, á sọ ọ́ sápò. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gun òkè láìsí àkàbà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹrù bó bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ti wà lókè, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró nílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kó máa wò ó. Bí òjò bá wá rọ̀, á ní kí gbogbo wọn jókòó sábẹ́ ìsọ̀ títí tapólì á fi gbẹ.

A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹgbẹ́ Ìgbín là ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá Làmídì, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù òkè ń bà yín ni?"

Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀rù òkè ò bà mí, ọmọ mi. Ìyá ẹni tó bá já bọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Èmi ni n óò lọ kí i ní Ọ̀yọ́, kì í ṣe ẹni tó ni obì."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, kì í ṣe obì nìkan là ń já mọ́. Àgbò á máa wọlé láti Òkè Ọya, wọ́n á sì dè wọ́n mọ́ orí ọkọ̀, lókè ẹrù, àwọn àgbò á máa wo ìlú bí ìjòyè. Mo gun òkè lọ tú ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Mo ti wé okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi kí ó má baà sá. Àgbò yìí wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì fò! Ó já lu orí àpò èlùbọ́ kan, okùn sì fa èmi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dìde, mo funfun látòkè délẹ̀ bí eégún. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Làmídì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá, ó tú okùn kúrò lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ohun tí o bá fẹ́ mú, má jẹ́ kó mú ọ." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó gbọn èlùbọ́ kúrò lórí tán.

Àkókò Iléyá ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ láti òwúrọ̀, ó dá, ó tún ń ṣẹ́ wínniwínni. Ọkọ̀ obì kan dé. Àlàájì kan tó máa ń gbé iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ méjèèjì ló ni ín. Ó fẹ́ kí obì náà bá ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán lọ, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kánò ń dúró de obì ọdún. Bàbá Làmídì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Ó tẹ ilẹ̀ wò, ó wo tapólì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òòrùn ràn sí i díẹ̀." Dírẹ́bà ní kò sí àyè ìyẹn. Ó bá wá sọ́dọ̀ tiwa.

Sùbérù wo ojú ọ̀run. Mo rí i pé ara rẹ̀ ò gbà á tán. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé wàá lè ṣe é?" Ta ló máa ń bi ọ̀kẹ́rẹ́ bóyá ó lè gun igi? Mo ti tẹ táyà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí nìyí: ìsọ̀ wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, àwọn irin ojú ọ̀nà reluwé tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní òkìtì, ẹnu wọn mú, ìpẹtà bò wọ́n. Mo tú okùn àkọ́kọ́. Mo rọra ń rìn lórí tapólì lọ sápá òsì láti tú èkejì, ó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ilá. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tí ilẹ̀ mí kanlẹ̀. Táyà apá òsì ti rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀. Gbogbo agbọ̀n sún lẹ́ẹ̀kan náà, tapólì yọ̀, èmi náà yọ̀ tẹ̀ lé e. N kò mọ bí mo ṣe rí okùn mú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi ń jù lófuurufú, irin wà lábẹ́ mi, agbọ̀n obì sì fì sókè orí mi, ó ń ké gìrọ́gìrọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ wa pariwo, wọ́n sáré bọ̀ láti gbà mí. Ohùn tútù yẹn ló dá wọn dúró. Ọjọ́ yẹn kò tútù mọ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sábẹ́ rẹ̀!" Bàbá Làmídì ló ń ké. "Ó ń bọ̀ wá wó lu gbogbo yín! Sùbérù, kó àwọn èèyàn ẹ sápá ọ̀tún, ẹ di okùn yẹn mú, ẹ fà á, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀!"

Sùbérù kò jiyàn. Ẹgbẹ́ Ìgbín àti ẹgbẹ́ tiwa jọ rọ̀ mọ́ okùn apá ọ̀tún, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ògiri ìsọ̀, wọ́n fà á. Agbọ̀n tó wà lókè orí mi dákẹ́. Àwọn ará Ọ̀yọ́ méjì fi ọ̀pá gígùn ti igi sábẹ́ táyà tó rì. Ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n irin ṣì wà nísàlẹ̀, kò sì sí àkàbà tó lè dúró lórí òkìtì irin yẹn.

Ìyá Dèbórà wà níbẹ̀. N kò tíì dárúkọ wọn fún yín. Àwọn ló ń ta ewé gbòdògì ní ìsọ̀ náà, obìnrin ìjọ Aládùúrà, opó, onísùúrù, ìborí wọn kì í yẹ̀ lórí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ewé wọn dé láti oko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ìdì lórí ìdì, ó kún ẹ̀yìn wọn bí àká. Ewé ọjà ọdún ni. Ewé gbòdògì tó bá sì ti ya, kò wúlò fún obì mọ́, nítorí atẹ́gùn á wọlé sí i lára. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe ohunkóhun. Mo kàn rí i pé ìdì ewé ń fò lọ sórí irin, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn. Ẹnìkan ní, "Ìyá, ewé yín rèé o!"

Wọ́n ní, "Ewé ṣáà ni! Ṣé ẹ ò ní ọwọ́ ni? Ẹ bá mi jù ú!"

Nígbà náà ni àwọn obìnrin tó ń ṣa obì dìde. Àwọn kan ń ju ewé, àwọn kan ń ju àpò òfìfo. Bàbá Làmídì ní tirẹ̀ wá dúró síbi tí mo ti lè rí i.

"Ọ̀kẹ́rẹ́."

"Bàbá."

"Èmi ni kí o máa wò. Má wo irin."

"Apá mi ń já, Bàbá."

"Mo mọ̀. Kí ni wọ́n ń pe ìyá ẹ?"

Mo rò pé ọkùnrin yìí ti ya wèrè. "Àsàbí," mo dáhùn.

"Iṣẹ́ wo ni Àsàbí ń ṣe?"

"Wọ́n ń hun kíjìpá."

"Ta ló ń bá wọn ran òwú?"

"Àbúrò mi obìnrin ni. Bàbá, ẹ gbà mí!"

"À ń gbà ọ́ lọ́wọ́. Kí lorúkọ àbúrò ẹ?"

Báyìí ló ṣe ń bi mí, bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Inú bí mi sí i nígbà yẹn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń fi ìbéèrè dá mi dúró títí ìdì ewé á fi pọ̀ tó lábẹ́ mi ni. Bí mo bá ti jọ̀wọ́ ọwọ́ mi ṣáájú àkókò, orí irin ni n bá bọ́ sí.

Ó yíjú wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún wò mí. "Ó tó. Gbọ́ mi dáadáa. Ká orúnkún ẹ díẹ̀, má na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Bí mo bá ti ní Bísímíláì, jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ."

"Bàbá, n kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Ọmọ Àsàbí, a wà níbí. Bísímíláì!"

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni òórùn ewé tútù. Ó kún imú mi, ó kún ẹnu mi. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé, nítorí ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì ti ṣẹ́, èjìká mi ọ̀tún ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Dèbórà lórí mi, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra pé, "Ó ń mí. Ẹ wò ó, ó ń mí." Ìborí funfun wọn ti bọ́, ẹrẹ̀ ti bò ó, wọn ò mọ̀ pàápàá.

Wọ́n fà mí kúrò níbẹ̀. Bàbá Làmídì wò yíká kó rí i pé kò sí ẹnì kankan nítòsí, kó tó ní kí àwọn tó wà lápá ọ̀tún jọ̀wọ́ okùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí àwọn agbọ̀n yẹn wó lulẹ̀, ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà mí kúrò gan-an ni wọ́n bọ́ sí. Obì fọ́n ká, funfun àti pupa, ó yí gba abẹ́ irin, ó yí dé ojú ọ̀nà. Sùbérù wò ó. Ó wò mí. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí ọmọdé.

Àárín rògbòdìyàn yìí ni Àlàájì tó ni obì dé. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá obì. Ó gbé ọwọ́ lórí, ó ní, "Háà! Obì mi! Obì mi o!"

Ìyá Dèbórà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i ná, gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Àlàájì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Igi obì á tún so lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ìyá ọmọ yìí á tún un bí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Àlàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí mi ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi bó ti ṣe lọ́, ó wo irin, ó wo okùn tó ṣì so rọ̀. Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Láìlá!" ló wí. "N kò mọ̀. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ mi. Ẹ tọ́jú ọmọ náà ná, obì ò sá lọ." Òun fúnra rẹ̀ ló di agbòòrùn mú lé mi lórí títí wọ́n fi gbé mi wọkọ̀. Ẹni tó bá ṣe rere, ẹ jẹ́ ká sọ rere rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ni wọ́n gbé mi lọ. Bó ti ṣe to tèmi náà ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, tó di tirẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Bí adìyẹ bá rìn, èèyàn náà á rìn. Adìyẹ ọ̀hún rìn ṣáájú mi. Á wá dúró síwájú ẹní mi, á máa yan kiri, á máa wò mí lójú. N kò rí adìyẹ tó gbéraga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Iléyá pé, n kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo ti gbà pé n kò ní lọ kírun ní Yídì. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ ẹrù níta. Sùbérù ni, ó ti fọ ọmọlańkẹ kan, ó tẹ́ ẹní tuntun sínú rẹ̀. Wọ́n gbé mi sí i, tèmi ti aṣọ ọdún mi. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń tì í lẹ́yìn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń fà á níwájú, a gba àárín ìlú. Obìnrin kan ní ojú ọ̀nà béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ni àbí èèyàn?" Sùbérù ní, "Ẹrù Ọlọ́run ni, ẹ yà fún wa!" Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Dèbórà wá bá wa jẹ ẹran Iléyá. Nígbà tí Kérésìmesì dé, èmi náà tiro lọ bá wọn jẹ tiwọn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń ṣe é títí wọ́n fi lọ bá Olúwa wọn.

Ẹ ó bi mí pé ewé wọn ńkọ́. Ọjà ọdún yẹn bá omi lọ. Àwọn eléwé yòókù ló bu ìdì kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo ní, "Ìyá, kí ni kí n fi san oore yìí?", wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́?", wọ́n sì ń ká ewé wọn lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo bá wọn ru ewé láti ibùdókọ̀ reluwé dé ìsọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Agége, wọn ò sì kọ ìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣe é rìn jìnnà, Bàbá Làmídì ní òun fẹ́ bá mi délé. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi wà nídìí òfì nígbà tí a wọlé. Bàbá Làmídì dọ̀bálẹ̀ fún wọn, àgbàlagbà ọkùnrin bíi tirẹ̀, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí n óò lọ kí ìyá ọmọ kan. Mo wá kí yín, ọmọ yín sì ló mú mi wá." Mo wá sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá mi mú ọ̀bẹ. Wọ́n gé kíjìpá tí wọ́n ń hun lórí òfì lọ́wọ́, tí ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ń retí, wọ́n fi bo èjìká rẹ̀.

Sùbérù náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kú. Ó kó gbogbo wa lọ bá Bàbá Làmídì, ó ní, "Ẹ kọ́ wa bí ẹ ti ń ṣe é." Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan. Ọ̀nà Ìgbín di ọ̀nà gbogbo wa: igi há táyà, kọ́kọ́rọ́ wà lápò olórí, àkàbà dúró, a kì í gun ẹrù tútù. Àwọn olówó obì kan bínú, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ síbòmíràn. A fi ẹ̀kọ àti ata lásán mumi fún ìgbà díẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa kùn pé kí ló dé tí ẹnìkan á máa dúró lọ́wọ́ òfo, táwọn yòókù ń làágùn. Sùbérù á ní, "Ọwọ́ òfo yẹn ló gbé gbogbo yín dání." Nígbà tó yá, àwọn tó lọ padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, torí obì wọn kì í fọ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlàájì tiwa ló ra àkàbà tuntun fún ìsọ̀, àkàbà igi ìrókò, tó lágbára bí ilé.

Ní gbogbo ọdún tí mo tún lò níbẹ̀, a kò gbé ẹnì kankan lọ sọ́dọ̀ atoeegun mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sunkún ní Ọgbà láàárọ̀ yìí. Mo rí i pé ohun tí a fi ìyà kọ́ ti di àṣà fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Ayé tó lọ ní ìyà nínú, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ní èèyàn.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. Ẹsẹ̀ mi san, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò san pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá kan ká gun orí ọkọ̀, màá lọ dúró sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹnì kankan ò fi mí ṣẹlẹ́yà. Wọ́n jẹ́ kí n máa gbé ẹrù nílẹ̀, wọn ò sì pè mí ní Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan, òòrùn mú, ọkọ̀ obì kan dúró, ẹni tó yẹ kó gun òkè ń ṣàìsàn. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Bàbá Làmídì wò mí. Ó tẹ ilẹ̀ wò. Ó há táyà fúnra rẹ̀. Ó gbé àkàbà tì í, ó mì í wò, ó sì dúró nídìí rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ní àárín, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo dúró. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó ní kí n ṣe kíá. Gbogbo ìsọ̀ ń dúró dè mí. Mo tún gùn.

Nígbà tí mo dé òkè, mo rí Agége lẹ́ẹ̀kan sí i: èéfín ọkọ̀ ojú irin ń lọ ní ìhà Ìfọ̀, òrùlé páànù ń tàn, oko Ìkẹjà tutù yọ̀yọ̀ títí dé ibi tí ojú mi mọ. Mo tú okùn. Mo gbé agbọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi ṣófo, mo kọjú sí àkàbà, mo sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kan ilẹ̀. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Bàbá Làmídì fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì lọ yọ igi nídìí táyà.

Mo wá Ìyá Dèbórà kiri. Wọ́n wà nídìí ewé wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Àwọn obìnrin sọ fún mi pé láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan àkàbà ni wọ́n ti yíjú sí ògiri, tí wọn ò wẹ̀yìn rárá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí wọn pé, "Ṣé ó ti sọ̀kalẹ̀?"

Ẹni náà ní, "Ó ti sọ̀kalẹ̀, Ìyá. Ó wà nílẹ̀."

Wọ́n fi etí ìborí nu ojú, wọ́n ṣí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ẹ ní kó wá jẹun."